Rárá Kẹta

Nígbà tí agbẹnusọ ìjọba ka ìwé tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ débi "kò séwu rárá, rárá, rárá," ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì nu ojú. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí èèyàn ń sùn kúrò lára. Àárẹ̀ ọdún méjìlá lẹ́nu iṣẹ́ kan ṣoṣo ni.

"Sà," ó ní fún mínísítà, "ẹ jẹ́ ká yọ méjì kúrò nínú àwọn rárá yìí."

"Kí ló dé? Ṣé o ò sí ńbẹ̀ láàárọ̀ yìí nígbà táwọn ará òdìkejì odò fọwọ́ sí àdéhùn ni? Ogun ti parí. Àwọn ọkọ̀ ogun tó máa dún lọ́sàn-án yìí, ilé ni wọ́n ń lọ. Òótọ́ la fẹ́ sọ lónìí."

"Mo wà ńbẹ̀, sà. Bó ṣe jẹ́ òótọ́ yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù."

Mínísítà wò ó bí ẹni tó ń wo ẹni tí ibà ń ṣe. Kò mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí ará ìlú ti kọ́ èdè agbẹnusọ yìí. Nígbà tí ìsédò tó dá omi dúró fẹ́ ya, ó ní kí wọ́n fara balẹ̀, kò séwu. Kó tó sọ ọ́ tán, omi ti wọ yàrá. Nígbà tí ibi tí wọ́n ń kó epo pamọ́ sí gbiná, ó fi rárá kan kún un, iná sì jó àdúgbò méjì. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Bàbá Fara-Balẹ̀. Bó bá ní kò séwu, àwọn èèyàn á lọ ra epo sínú ọkọ̀. Bó bá fi rárá kan sí i, wọ́n á di aṣọ. Bó bá di méjì, wọ́n á fi ìkòkò sílẹ̀ lórí iná, wọ́n á gbé ọmọ lẹ́sẹ̀ kan, ó di eré. Àwọn awakọ̀ fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ ìyá wọn.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò kọ́ èdè náà. Bàbá tó bí agbẹnusọ lọ́mọ ni. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé nínú ìlú kékeré kan létí odò, níbi tí orílẹ̀-èdè méjèèjì ti fara kan ara wọn. Lọ́dún tí ogun bẹ̀rẹ̀, tí ọmọ ka rárá méjì lórí rédíò, gbogbo ìlú sá. Baba jókòó sórí àga rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi ló sọ ọ́. Ṣé ọmọ mi á parọ́ fún mi ni?" Orí àga náà ni ọta ìbọn ńlá bá a. Ìyàwó rẹ̀ ti lọ bẹ aládùúgbò pé kó fún àwọn láyè nínú ọkọ̀. Ohun tó yọ ọ́ nìyẹn. Láti ìgbà náà, ìyá kò fi ọ̀rọ̀ yẹn ko ọmọ lójú rí. Ì bá tilẹ̀ bú u, ara ì bá tu ọmọ.

"Kà á bó ṣe wà," mínísítà ní.

Ó kà á bó ṣe wà.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí fóònù rẹ̀ fi dún. Agbẹnusọ ìjọba òdìkejì ni. Ọjọ́ ti pẹ́ táwọn méjèèjì ti ń pàdé níbi ìjíròrò, tí wọ́n sì jọ ń pín oògùn orí fífọ́ lò.

"Ọ̀rẹ́ mi, kí lo sọ fáwọn èèyàn rẹ? Ìlú etí odò ń ṣófo! Àwọn ọ̀gágun wa ń fi awò tó ń rí ọ̀nà jíjìn wò wọ́n. Wọ́n ní ẹ̀ ń kó ará ìlú kúrò kẹ́ ẹ lè ráyè yìnbọn. Àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sílé ti dúró."

"Mo ní kò séwu ni."

"Rárá mélòó?"

"Mẹ́ta."

Ẹni yẹn pòṣé, ó gùn. "Ìwọ náà! Gbọ́ mi. Bí ìlú yẹn bá ṣófo kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n á yí ojú ìbọn padà síbẹ̀. Mo ti bẹ̀ wọ́n títí. Mi ò lágbára jù báyìí lọ. Jọ̀ọ́, wá nǹkan ṣe."

Ó sáré tọ mínísítà lọ. Mínísítà gbọ́ ọ dáadáa, ó ronú, ó sì ní, "Kọ òmíràn kíá. Fi rárá kẹrin sí i."

Ẹ ò rí nǹkan. Agbẹnusọ kẹ́yìn sí i. Ó jáde, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó pe ìyá rẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ."

"Mo ti di ẹrù mi. Ìyá Télọ̀ aládùúgbò wa ti gbàyè fún mi nínú ọkọ̀ ọmọ ẹ̀."

"Wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn, Màmá. Ojú mi ló ṣe."

Ohùn ìyá kò le, kò sì rọ̀. "Irú ẹ̀ náà lo sọ tí bàbá ẹ fi jókòó."

Ọ̀rọ̀ náà gún un. Ó fẹ́ sọ pé lọ́jọ́ yẹn òun náà kò mọ̀, pé ìwé ni wọ́n gbé síwájú òun. Ṣùgbọ́n àlàyé ni iṣẹ́ rẹ̀, àlàyé sì ti sú u. "Mo jẹ̀bi, Màmá," ó ní.

"Mi ò pè ọ́ lẹ́jọ́. Etí mi ló kún. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni, má sọ fún mi mọ́. Máa bọ̀ wá jókòó síbí."

Kò gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó kọrí sétí odò. Gbogbo ayé ló ń bọ̀, òun nìkan ló ń lọ. Mátírẹ́ẹ̀sì lórí ọkọ̀, adìyẹ nínú apẹ̀rẹ̀, àwọn arúgbó láàárín ẹrù. Ẹnì kan yọrí lójú fèrèsé, ó kígbe pé, "Bàbá Fara-Balẹ̀, ṣé ẹ ti ṣìnà ni?"

Ó bá ìyá rẹ̀ lórí ẹrù tó ti dì, gèlè rẹ̀ le dan-in lórí, bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi lẹ ibi tí ọta ìbọn bà jẹ́ lára ògiri kò tíì bá ògiri àtijọ́ mu. Àga baba wà níbi tó máa ń wà, wáyà ni wọ́n fi so apá rẹ̀ kan. Ìyá nawọ́ sí i.

"Jókòó."

Láti kékeré, kò sẹ́ni tó ń jókòó sórí àga yẹn nínú ilé wọn àfi ẹni tó ni ín. Ó jókòó.

Ìyá Télọ̀ àtàwọn mélòó kan dúró lẹ́yìn ọgbà, ẹrù lórí. "Ẹ sọ̀rọ̀ o," Ìyá Télọ̀ ní. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀rọ̀ ọ́n sọ."

Ó la ẹnu. "Ẹ fara balẹ̀" ló wá sí i lẹ́nu, ó gbé e mì.

"Ó ti rẹ̀ mí," ó ní.

Gbogbo ohun tó sọ náà nìyẹn. Lódìkejì odò, ẹ́ńjìnnì kan dún, òmíràn gbà á. Àwọn tó wà lẹ́yìn ọgbà fò sẹ́yìn. Agbẹnusọ gbé orí lé ẹ̀yìn àga, ó la ẹnu sílẹ̀, kí ìyá rẹ̀ tó bu omi dé, ó ti ń hanrun kíkankíkan.

Ìyá Télọ̀ sún mọ́ ọn, ó yọjú wo ojú rẹ̀. "Ṣé kì í ṣe pé ó ń díbọ́n?"

"Ọmọ tí mo bí, ṣé mi ò ní mọ oorun ẹ̀ ni? Látìgbà tó ti gba iṣẹ́ yẹn, mi ò rí i kó sùn báyìí."

Ìyá Télọ̀ wo odò, ó wo alásùnhanrun, ó tún wo odò. Ó sọ ẹrù kalẹ̀. Ó ké pe ọmọ rẹ̀ pé kó pa ọkọ̀. Ẹni tó tẹ̀ lé e náà sọ tirẹ̀. Ìròyìn gba ojú ọ̀nà lọ láti ẹnu dé ẹnu, kò gba rédíò kọjá: Bàbá Fara-Balẹ̀ ti sùn lọ létí odò. Àwọn ọkọ̀ ń yí padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Lódìkejì, àwọn ẹ́ńjìnnì ń dún, wọ́n sì ń jìnnà.

Fóònù dún nínú àpò agbẹnusọ. Ìyá rọra fà á yọ. Mínísítà ni, ó ní ìwé tuntun ti délẹ̀, níbo ni agbẹnusọ wà?

"Ó wà nílé," ìyá ní. "Ẹ rọra sọ̀rọ̀, ó ń sùn lórí àga bàbá ẹ̀."

Ó pa fóònù. Ó tú ẹrù rẹ̀, ó yọ ìborùn kan, ó fi bo ẹsẹ̀ ọmọ. Lẹ́yìn náà ó jókòó tì í, ó kọjú sódò, ó ń tẹ́tí sí àwọn ọkọ̀ náà. Kò lọ. Ṣùgbọ́n kò bọ́ bàtà rẹ̀.