Ohun Tí Kò Jẹ́ Kí Kẹ̀kẹ́ Yà Sójúlé Wa

Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti fi Ìwó sílẹ̀. Bí òtútù ìlú òyìnbó bá mú eékún mi báyìí, ilé bàbá wa lójú títì Kuta ni ọkàn mi máa ń sá lọ. Àga mẹ́rin ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, ti àwa àgbà ilé. Wọ́n ń tọ́jú ìkẹrin dè mí. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò kọjá lọ sí Kuta tí kò ní rí, tí onítọ̀hún kò sì ní kí i.

Nígbà tí mo lọ sílé lọ́dún tó kọjá, mo bá ohun tuntun níwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Sẹ̀gilọlá, ọmọ àbúrò bàbá mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ti kan páànù bo ibẹ̀, ó to sólà sórí páànù, ó sì gbé ẹ̀rọ mẹ́ta kalẹ̀ tí àwọn kẹ̀kẹ́ oníbátìrì lè fi ṣáàjì. Lórí ilẹ̀ tí ìyá wa ti ń sá kòkó. Mo dúró, mo ń wò ó ṣáá.

Àmọ́ ìjókòó lásán ni àwọn ẹ̀rọ náà jókòó.

"Iléeṣẹ́ kan ní Ìbàdàn ló ni ẹ̀rọ," Sẹ̀gilọlá ṣàlàyé fún mi. "Èmi ni mo ni páànù àti sólà. Bí ogún kẹ̀kẹ́ kò bá máa yà lójúmọ́ kí oṣù yìí tó parí, wọ́n á tú ẹ̀rọ wọn lọ sí ìlú mìíràn. Bọ̀dá mi, mẹ́ta ló yà lánàá."

"Bóyá irú kẹ̀kẹ́ náà ò pọ̀ níbí."

"Ó lé ní ọgbọ̀n. Ilé ni wọ́n ti ń ṣáàjì. Bí iná bá lọ, wọ́n á káwọ́ gbera, wọn ò ní wá."

Síbẹ̀ kò sinmi. Láràárọ̀ ló ń gun àkàbà lọ nu eruku ojú sólà, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, pẹ̀lú ìró tó so le koko.

"Sẹ̀gilọlá, sọ̀kalẹ̀ kí o tó di ẹyẹ," Bàbá Oyèdàmọ́lá, tí wọ́n dàgbà jù nínú wa, á ké sí i láti orí àga.

"Bí mo bá di ẹyẹ, Bàbá, orí páànù yìí náà ni n ó bà sí."

Lọ́jọ́ kan mo wọ kẹ̀kẹ́ láti ọjà Odò-Ọrì. Badrudeen ni orúkọ awakọ̀ náà, bátìrì rẹ̀ sì ti fẹ́ kú. Mo ní kó yà sílé wa kó ṣáàjì. Ó dúró kí a tó débẹ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ n já yín síbí."

"Ilé wa nìyẹn lọ́ọ̀ọ́kán."

Ó họrí. "Ẹ má bínú, sà. Lọ́jọ́ tí mo yà síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dọ̀bálẹ̀. Mi ò tíì fi wáyà síbi tó yẹ tí bàbá kan fi ní kí n lọ ra obì wá. Mo ra obì dé, èkejì ní kí n gbé àga òun sí abẹ́ òjìji. Ìkẹta bèèrè pé ọmọ ta ni mí, àṣé wọ́n mọ bàbá mi àgbà. Ìgbà tí wọ́n fi sọ̀tàn tán, ìrun alásàrí ti kọjá. Mi ò lè kọ̀ fún àgbà. Ṣùgbọ́n mo lè gba ọ̀nà ibòmíràn."

Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì kú lẹ́nu mi. Lánàá ni èmi náà rán ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ náà lọ ra búrẹ́dì.

Mo sọ fún Sẹ̀gilọlá.

"Mo ti fura," ó ní. "Ṣé kí n wá lé àwọn bàbá mi kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá wọn ni? Kí iléeṣẹ́ náà kúkú kó ẹ̀rọ wọn lọ."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Oyèdàmọ́lá kò tíì run orín tán tí mo fi gbé àga tèmi, ó di ẹ̀yìnkùlé, ní ìdí ọsàn. Kànga àti ewúrẹ́ nìkan ni èèyàn ń rí níbẹ̀.

"Ọlátúndé, kí lo ń ṣọ́ lẹ́yìn ilé?"

"Ibẹ̀ tutù, sà."

"Kò sẹ́ni tó ń kọjá níbẹ̀."

Mo padà wá bá wọn, mo sì sọ gbogbo ọ̀rọ̀ Badrudeen. Wọ́n run orín náà títí.

"Obì ọjọ́ yẹn gan-an ò gbó," ni wọ́n wí. Wọ́n dìde, wọ́n sì fọwọ́ júwe àga wọn fún mi pé kí n gbé e. Àwọn méjì yòókù tẹ̀ lé wa.

Kí oṣù tó parí, kẹ̀kẹ́ ń tò dé etí títì. Ẹ̀rọ kò lọ síbì kankan. Ẹ̀rín àwọn awakọ̀ nìkan là ń gbọ́ láti ẹ̀yìnkùlé. Bàbá Oyèdàmọ́lá á máa bèèrè pé, "Ta ló kọjá yẹn?" kò sì sẹ́ni tó mọ̀ nínú wa.

Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí mo padà síbí, Badrudeen gba àárín ilé wọlé wá bá wa, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin bàbá. Kẹ̀kẹ́ mi wà lórí iná. Ṣé kò sí ohun tí mo lè bá yín rà?"

Obì ti tán lápò Bàbá Oyèdàmọ́lá láti ọ̀sán, mo mọ̀.

"Kò sí," ni wọ́n dá a lóhùn. "Lọ jókòó ti kẹ̀kẹ́ rẹ."