Kọ̀rọ̀ Odò tí Orrin Fi Pamọ́

"Ìwọ lo sọ fún wọn," ni Orrin wí. Kò pariwo. "Láyé yìí, yàtọ̀ sí Wade ọmọ mi tó ti pa ìwọ̀ tì, èmi àti ìwọ nìkan la mọ ibí."

Dalton, ọkọ ọmọ rẹ̀, dúró tì í lórí òkè etí odò, ọ̀pá ìwọ̀ àwọn méjèèjì wà léjìká rẹ̀. Nísàlẹ̀ wọn, ọkọ̀ àwọn àjèjì kún etí omi. Wọ́n ti pàgọ́, agolo bíà wà káàkiri inú koríko, àwọn géńdé sì wọ odò dé itan, ìwọ̀ tẹni kan ń há mọ́ tẹnì kejì.

Kọ̀rọ̀ yìí ni bàbá Orrin fi hàn án kó tó kú. Ìsun omi kan tó tutù bíi yìnyín ń jáde lábẹ́ àpáta ibẹ̀. Inú rẹ̀ ni ẹja tíráùtì ń gbé. Níbi tí omi tútù náà ti pàdé omi odò Tansy tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni ẹja báàsì máa ń lúgọ sí nígbà ìrúwé, tí òtútù bá ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tó bá dúró lórí òkúta àárín omi lè ju ìwọ̀ sọ́tùn-ún kó mú tíráùtì, kó jù ú sósì kó mú báàsì. Ní gbogbo òkè Ozark, Orrin kò mọ ibòmíràn tó rí bẹ́ẹ̀. Ọdún tí Dalton fẹ́ ọmọ rẹ̀ ló mú un wá, ó sì mú kó búra pé kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọkùnrin kan ń gun òkè bọ̀, ó rẹ́rìn-ín sí wọn. "Bàbá, ẹ kú àárọ̀. Ṣé ẹ̀yin náà wo fídíò yẹn ni? Ẹ tètè sọ̀kalẹ̀ o, ẹja tó kù ò tó nǹkan mọ́."

Ó na fóònù sí Orrin. Àpáta rẹ̀ ló rí níbẹ̀, òkúta rẹ̀, àti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ igbó láti títì.

Orrin dá fóònù padà. Ó gba ọ̀pá ìwọ̀ méjèèjì léjìká Dalton.

"Fẹsẹ̀ rìn lọ sílé," ó ní. "Mi ò lè jókòó tì ọ́ nínú ọkọ̀."

Dalton yà lọ́nà fún un. "Mo gbọ́, Bàbá."

Orrin wa ọkọ̀ tààrà lọ sọ́dọ̀ Tessa, ọmọ rẹ̀, láti lọ sọ fún un irú ọkọ tó fẹ́. Ó bá a nílé ìdáná, tó ń po ìyẹ̀fun àgbàdo.

"Ọkọ rẹ dalẹ̀ mi," ó wí. "Ó ti gbé kọ̀rọ̀ wa síta fún gbogbo ayé."

Tessa ò dáwọ́ dúró. "Kì í ṣe Dalton."

"Ta wá ni?"

"Èmi ni."

Orrin rò pé òun ò gbọ́ dáadáa. "Ìwọ ò mọ ibẹ̀."

"Mo bẹ Dalton títí kó mú mi lọ, ó ní òun ti búra fún yín. Ni mo bá tẹ̀lé yín lọ́jọ́ kan. Ẹ ò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn."

"Kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́, Tessa?"

Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Nígbà tá a wà lọ́mọdé, ta ló ń wa ekòló fún ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n mi Wade? Èmi ni. Gbogbo ìgbà ìrúwé ni mo fi bẹ̀ yín kẹ́ ẹ mú mi lọ. Ẹ ó ní ó di ọdún tó ń bọ̀, Wade á wọ bàtà, ẹ ó sì lọ. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kó lọ sí ìlú ńlá tí kò rántí ọ̀pá ìwọ̀ mọ́, mo ní ó kàn mí wàyí. Ọkọ tí mo fẹ́ lẹ wá mú lọ, ọdún tó kọ́kọ́ wọlé wa."

"Ìyẹn lo ṣe bà á jẹ́? Ohun tí bàbá mi fi lé mi lọ́wọ́?"

"Bàbá àgbà tèmi náà ni."

Orrin fa àga kan, ó jókòó.

"Mo mọ̀ pé mo bà á jẹ́," ni Tessa wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Mo ti pa fídíò ọ̀hún rẹ́, ṣùgbọ́n ẹyin ti bọ́ lọ́wọ́ mi."

"Dalton mọ̀?"

"Ọjọ́ tó rí i ló ti mọ̀. Ó ní tó bá dọ̀ràn, òun á gbé e rù. Níbo ló wà?"

Orrin ti dìde, ó ń fa kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yọ.

"Bàbá, níbo lẹ fi ọkọ mi sí?"

Ó wa ọkọ̀ padà, ó bá Dalton lójú títì, ẹrẹ̀ ti dé orúnkún bàtà omi tó wọ̀. Orrin dá ọkọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Wọlé."

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n rìn." Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló dun Orrin jù.

"Tessa ti sọ fún mi. Mo ṣẹ̀ ọ́."

Dalton mi orí, kò dúró.

Orrin jókòó sídìí ọkọ̀, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Ọmọ bíbí inú rẹ̀ ló dà á. Àna tí kì í ṣe ọmọ rẹ̀ ló pa ìbúra mọ́, òun náà ni Orrin sì lé bí ajá. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sọ̀kalẹ̀, ó sì ń yára tẹ̀lé e.

Dalton kò wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ àgbà náà, ó dẹ ìrìn rẹ̀ díẹ̀.