Ilẹ̀ Tí Wọ́n Ní A Gbà

Láti kékeré ni Attracta Geraghty ti ń gbọ́ ọ ní abúlé wọn ní Roscommon pé ajagungbalẹ̀ ni baba ńlá òun. Wọ́n ní nígbà tí ọlọ́lá tó nilẹ̀ lé ìdílé Tansey, tó ń dá oko níbẹ̀, jáde, eérú ààrò wọn ò tíì tutù tí Geraghty fi kó ẹrù wọlé.

Nígbà tó pé ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, ó wọkọ̀ lọ sí ilé ìkàwé ìjọba agbègbè wọn. Akọ̀wé ibẹ̀ gbé ìwé ńlá tí ìjọba ń kọ orúkọ àwọn tó ń dá oko sí fún un. Wọ́n ti fi tádàá pupa fagi lé orúkọ Tansey lọ́dún 1883. Attracta ń fi ìka wá orúkọ tiwọn lọ sísàlẹ̀. Ọdún 1889 ló tó rí i.

"Ta ló wà níbẹ̀ láàárín ọdún mẹ́fà yẹn?"

"Kò séèyàn kankan, màmá. Koríko ló hù síbẹ̀."

Ilé Packie Tansey, aládùúgbò tí wọ́n jọ dàgbà, ló gbà lọ tààrà. Packie ka ẹ̀dà ìwé náà tí Attracta mú wá lẹ́ẹ̀mejì.

"Irọ́ ni bàbá mi pa fún mi nìyẹn o!"

"Àwọn náà gbọ́ ọ ni, Packie."

"Wọlé jàre, tíì wà lórí iná. Ṣùgbọ́n àgùntàn yín ṣì ń já wọ oko mi o!"

Attracta rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ nìyẹn tó máa jókòó nílé ìdáná àwọn Tansey.