Awakọ̀ Tó Pa Ẹ́ńjìnnì

Jẹ́jẹ́ ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pe awakọ̀ ọ̀gá àgbà, torí kò sẹ́ni tó rí i tó sáré rí, ìbáà jẹ́ lórí títì tàbí lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń wa ọkọ̀ fún Màdámù, olórí ilé iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń jẹ àkókò rẹ̀ jù kì í ṣe ọkọ̀ wíwà. Ìdúró ni.

Ooru kì í bá Màdámù lára mu. Bó bá wọ ìpàdé, àfi kó jáde bá ọkọ̀ rẹ̀ ní tútù nini. Jẹ́jẹ́ á wá jókòó, ẹ́ńjìnnì á máa kùn fún wákàtí kan, wákàtí méjì, èéfín á sì máa gba ojú fèrèsé wọlé tọ Ìyá Fáìlì lọ. Ìyá Fáìlì ló ń tọ́jú àwọn ìwé ilé iṣẹ́ ní yàrá ìsàlẹ̀. Ó ti ń wúkọ́ pẹ́ débi pé ikọ́ rẹ̀ kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́.

Lọ́jọ́ Ajé kan, Màdámù pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. Ó ní oríléeṣẹ́ ti gbé ìdíje oṣù kan kalẹ̀, wọ́n fẹ́ mọ ẹ̀ka tí kò ní máa fi nǹkan ṣòfò, tí kò sì ní ba àyíká jẹ́. Ó ka òfin rẹ̀ sókè: kí wọ́n máa pa iná bí wọ́n bá ń jáde, kí wọ́n máa kọ̀wé sí iwájú àti ẹ̀yìn ìwé, kí kálukú mú ife wá láti ilé, kí awakọ̀ tó bá dúró pa ẹ́ńjìnnì. Ó lẹ ìwé òfin náà mọ́ ara ògiri, ó ní kí wọ́n wá fọwọ́ sí i. Àwọn awakọ̀ yòókù fọwọ́ sí i láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì. Jẹ́jẹ́ kà á látòkè délẹ̀ kó tó yọ bíírò.

Lọ́jọ́ kejì, Màdámù jáde nípàdé, ó wọ ọkọ̀, ooru gbá a lójú.

"Bàbá, ṣé ẹ̀rọ tútù yìí bàjẹ́ ni?"

"Kò bàjẹ́, mà. Mo pa ẹ́ńjìnnì ni."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ pa á?"

"Ẹ̀yin ni, mà. Lánàá."

Màdámù rẹ́rìn-ín tí kò dénú. "Ìyẹn ò kan ọkọ̀ tèmi."

"Mi ò rí i kà níbẹ̀ pé ó yọ ọkọ̀ kankan sílẹ̀, mà."

Lọ́jọ́ kẹta, Jẹ́jẹ́ wá abẹ́ igi gbé ọkọ̀ sí, ó ṣí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kalẹ̀. Síbẹ̀ Màdámù làágùn. Ló bá fara ya. "Ìwọ bàbá yìí, ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

Láti ọdún mọ́kànlá, "ẹ" ló ń lò fún un, torí Jẹ́jẹ́ dàgbà jù ú lọ dáadáa. Ọjọ́ náà ló gba "ẹ" ọ̀hún padà. Ó dun Jẹ́jẹ́ dé egungun, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò lọ síbi kọ́kọ́rọ́.

Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ figbe ta. "Bàbá àwọn ọmọ, ọ̀rọ̀ ooru lẹ fẹ́ fi sọ iṣẹ́ nù?"

"Ooru kọ́. Èéfín tí mo ti ń fún ìyá oníyàá fà símú ni. Nígbà tẹ́nikẹ́ni ò bi mí, mo dákẹ́. Wọ́n ti wá fi ìwé bi mí, mo sì ti fi ìfọwọ́sí dáhùn."

Ilẹ̀ mọ́, kúẹ́rì dé: kó sọ ìdí tí wọn kò fi ní bá a wí fún àìgbọràn. Jẹ́jẹ́ yí ìwé náà padà, ó kọ èsì sí ẹ̀yìn rẹ̀: "Mò ń gbọ́ràn. Ìwé tí ẹ kà fún wa ni mò ń gbọ́. Ẹ̀yìn ìwé ni mo kọ ọ́ sí nítorí òfin kejì." Kó tó di ọ̀sán, gbogbo ilé iṣẹ́ ti gbọ́, wọ́n ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Màdámù ránṣẹ́ pè é. Òòrùn kún yàrá náà bámúbámú, iná mànàmáná mẹ́rin sì ń tàn lókè àjà.

"Tọrọ àforíjì, kó parí síbẹ̀."

"Mà, ẹ lọ ya ìwé ara ògiri yẹn lójú gbogbo èèyàn, kẹ́ ẹ ní eré lẹ̀ ń ṣe. Màá tan ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ tó bá ṣì wà níbẹ̀, mi ò tàn án."

Màdámù kò lè ya á. Àwọn àlejò oríléeṣẹ́ ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ láti wá wò wọ́n fún ìdíje náà. Ó na ọwọ́, ó gba kọ́kọ́rọ́. "Bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ni kó o lọ máa wà."

Nínú àwọn awakọ̀ yòókù, èyí tó máa ń fi Jẹ́jẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ló gba ọkọ̀ náà. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀ náà, bí àlejò ti wọlé ìpàdé, ó tan ẹ́ńjìnnì. Kò pẹ́ tí Ìyá Fáìlì fi gbé àga jáde, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ gan-an níbi tí èéfín ti ń jáde, ó jókòó, ó fi gèlè bomú.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde!"

"Inú ilé ni mo ti ń fà á látọjọ́ yìí. Jẹ́ kí n fà á níta kí àlejò rí mi."

Awakọ̀ náà wo iwájú, ó wẹ̀yìn, ó pa ẹ́ńjìnnì. Àwọn awakọ̀ tó kù tó tan ẹ́ńjìnnì pa tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí àlejò jáde, wọ́n yin Màdámù fún bí ibẹ̀ ṣe dákẹ́ rọ́rọ́. Ó dúpẹ́, ó wọ ọkọ̀ gbígbóná, ó ń rẹ́rìn-ín, òógùn sì ń dà lójú rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, akọ̀wé Màdámù wá bá Jẹ́jẹ́. Ó ní kó kàn kọ ìlà kan péré láti tọrọ àforíjì, kó sì padà sí ipò rẹ̀.

"Ẹ bá mi kí wọn," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Ẹ ní ìlà kan yẹn ò sí lọ́wọ́ mi."

Ó bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ó lọ wo táyà ẹ̀yìn.