Bọ́tìnì Pupa Kan, Funfun Méjì

Èmi ni àbígbẹ̀yìn ilé wa. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé àbígbẹ̀yìn ló ń jayé o! Nílé tèmi, àgbà ló ń kọ́kọ́ mú. Ẹran ni o, àga ni o, omi gbígbóná ni o, Bọ̀ọ̀dá mi á mú, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin á mú, èmi á wá kó èyí tó bá ṣẹ́kù. Ó ti sú mi pátápátá.

Nígbà tí ayálégbé tó wà ní yàrá kékeré ẹ̀yìn kó jáde, mo mọ̀ pé ìjà ti dé. Pálọ̀ ni Bọ̀ọ̀dá ń sùn. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó fi ọdún kan péré jù mí, la jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan, ó sì máa ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta. Ìdánwò àṣekágbá mi ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo fẹ́ yàrá yẹn débi pé mo ti ń lálàá rẹ̀.

Aránṣọ ni Màámi, wọn kì í fẹ́ ariwo. Wọ́n ju bọ́tìnì mẹ́ta sínú àpò aṣọ kan, funfun méjì, pupa kan. Ẹni tó bá mú pupa ló ni yàrá.

“Kí Bọ̀ọ̀dá yín kọ́kọ́ mú,” ni wọ́n wí.

Mo yarí kanlẹ̀. “Háà, Màámi! Kó tó kàn mí, wọ́n á ti mú pupa lọ!”

“Ó dáa, fi hàn wá pé wọ́n fẹ́ rẹ́ ọ jẹ. Ṣebí ìṣirò lò ń kà láti àárọ̀.”

Lóòótọ́, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni olùkọ́ kọ́ wa bí a ṣe ń ya igi ẹlẹ́ka láti fi mọ bí nǹkan ṣe ṣeé ṣe tó. Mo já ṣọ́ọ̀kì tí Màámi fi ń sàmì sára aṣọ gbà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya igi sórí tábìlì tí wọ́n ti ń gé aṣọ. Ara mi ti bù máṣọ, òní ni màá dójú ti gbogbo wọn!

“Ẹ̀ka kìíní: Bọ̀ọ̀dá mú pupa, ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹ̀ka kejì: wọ́n mú funfun, ìdá méjì nínú mẹ́ta. Tí wọ́n bá mú funfun, pupa kan àti funfun kan ló kù nínú àpò. Ẹ̀ka yẹn á tún pín sí méjì, ìdajì, ìdajì.”

“Èwo wá ni tìẹ?” ẹ̀gbọ́n mi obìnrin béèrè.

“Kí ẹ̀yin méjèèjì mú funfun, kí pupa ṣẹ́kù fún mi. Tí n bá fi ìdajì sọ ìdá méjì nínú mẹ́ta di púpọ̀…”

Mo nu ún, mo tún un yà. Ìdá kan nínú mẹ́ta ṣáá ni. Ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin náà, ìdá kan nínú mẹ́ta. Ti gbogbo wa dọ́gba!

Bọ̀ọ̀dá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. “Ẹ wo agbẹjọ́rò tó rojọ́ tán tó dá ara ẹ̀ lẹ́bi!”

Inú bí mi. “Tó bá dọ́gba, kí ló dé tí ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ máa kọ́kọ́ mú?”

Màámi wo Bọ̀ọ̀dá, wọ́n wò mí, wọ́n sì na àpò sí mi.

“Ó ní òótọ́ lẹ́nu. Ìwọ kọ́kọ́ mú.”

Èmi kẹ̀? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò tíì kọ́kọ́ mú nǹkan kan rí! Mo ki ọwọ́ bọ àpò. Mo fọwọ́ pa àwọn bọ́tìnì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fa ọ̀kan yọ.

Funfun.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin mú tiẹ̀, funfun. Bọ̀ọ̀dá tó gbẹ̀yìn fi ìka méjì fa pupa jáde.

“Wọ́n ní ọwọ́ àgbàlagbà ò wọ kèrègbè,” ni wọ́n wí, “ó wọ àpò ṣá!”

Ó dùn mí wọra. Mo lanu láti pariwo pé wọ́n rẹ́ mi jẹ, àmọ́ mi ò rí ẹni tí màá nàka sí. Èmi fúnra mi ni mo mú un. Ni ẹ̀rín bá bú lẹ́nu mi, tomijé tomijé.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fà mí lọ́wọ́ lọ sí yàrá wa. Ó dúró síwájú bẹ́ẹ̀dì.

“Ẹ̀gbẹ́ ògiri àbí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn?” ó bi mí. “Ìwọ kọ́kọ́ mú.”

Mo ní ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mo fẹ́. Ibẹ̀ lòun náà fẹ́ràn jù. Kò janpata, ó gbé ìrọ̀rí rẹ̀ kúrò níbẹ̀ fún mi.