Ọ̀nà Tó Gba Inú Ilé Ìyá Saïbou Kọjá

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn náà kọ̀, kò padé. Hilaire Ọlágúnjú fi èjìká tì í, ó fi ẹ̀yìn tì í, Ìyá Saïbou sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fọwọ́ kó iyanrìn tó ti dì sí ìdí rẹ̀ kúrò. Nígbà tó yá, ó han gooro, ó padé. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan. Àwọn méjèèjì dúró síbẹ̀, wọn ò wojú ara wọn, bí ọmọdé tó jí ẹran jẹ.

"Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kọ́ ilé yìí, a ò tì í rí," ni ìyá náà wí.

"Títí di ìrọ̀lẹ́ péré ni, Ìyá. Ẹ ṣáà jẹ́ kí ará ilé iṣẹ́ ìlú tó ń bọ̀ bá a bẹ́ẹ̀."

"Bí ẹnìkan bá wá fẹ́ kọjá ńkọ́?"

"Kó gba ẹ̀bá mọ́ṣáláṣí." Ilẹ̀ ni Hilaire ń wò nígbà tó sọ ọ́.

Iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn. Nígbà ayé àwọn Faransé, òun ló ń ya àwòrán ilẹ̀ fún wọn. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó di alágbàwí àwọn onílé. Ẹni tó fẹ́ gbàṣẹ kọ́lé, ẹni tí wọ́n fẹ́ wólé rẹ̀, ẹni tí wọ́n dá ìwé rẹ̀ padà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń forí lé. Ó mọ òfin ilẹ̀ bí ẹní mowó, ó sì mọ̀ dájú pé òun mọ̀ ọ́n.

Ti Ìyá Saïbou yìí ló ń dà á láàmú. Ẹnu ọ̀nà méjì ni ilé náà ní ní àdúgbò Akron: ọ̀kan kọjú sí títì, ọ̀kan kọjú sí àdúgbò ẹ̀yìn níbi tí kànga wà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan ló so wọ́n pọ̀, gbogbo ará ẹ̀yìn ló sì ń gbabẹ̀ lọ sọ́jà, lọ kírun, lọ kí àna. Ìjọba wá ní ibi tí gbogbo ayé bá ti ń gbà kọjá, títì ni. Àwọn fẹ́ fẹ̀ ẹ́ kí ọkọ̀ lè gbabẹ̀. Bí wọ́n bá sì fẹ̀ ẹ́, yàrá ọwọ́ ọ̀tún lọ nìyẹn, yàrá tí wọ́n sin ọkọ ìyá náà sí. Hilaire kọ ìwé àtakò, wọ́n dá a padà. Ó pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, wọ́n ní ẹnìkan yóò wá fojú ara rẹ̀ wò ó lọ́jọ́bọ̀, lẹ́yìn ìsinmi ọ̀sán. Ohun tí ẹni yẹn bá ti sọ, abẹ gé e.

Ẹni náà ni Ọ̀gbẹ́ni Aboudou, ọ̀dọ́mọkùnrin onígíláàsì ojú, ọmọ Adjarra, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ẹ̀kọ́ Dakar dé. Hilaire lọ mú un wá fúnra rẹ̀. Òjò winniwinni ń rọ̀, kò tó ohun tí èèyàn ń ṣí agbòjò sí. Ìkùukùu funfun ti gòkè láti ojú ọ̀sà, ó bo orí páànù, àwọn ilé àtijọ́ wá dà bí ohun tí èèyàn ń rí lójú àlá. Aboudou ń bi í léèrè ẹni tó mọ òdòdó sára ògiri yìí, ẹni tó ni fèrèsé aláràbarà yẹn. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ Hilaire. Ó ń sọ ti baba Moríyọ̀ tó mọ òdòdó náà, ó ń sọ ti àwọn tó ti Brazil padà dé, ohùn ara rẹ̀ sì ń dùn mọ́ ọn létí.

Ojú títì ló ti pinnu láti mú un gbà, kí wọ́n ti iwájú wọlé, kí ọkùnrin náà rí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó padé gbọnin. Ṣùgbọ́n ẹnu ló ń ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ ń bá tirẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ yẹn ti ń gbabẹ̀ láti kékeré. Ìgbà tó máa fi mọ̀, kànga ti wà lẹ́yìn wọn, ó ti gbé ọwọ́ lé ara ògiri, ó ti ké pé, "Àgò o!" ó sì ti dúró.

"Àgò yà o," ni wọ́n dáhùn nínú ilé.

Wọ́n wọlé. Àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Hilaire ti rí i pé òun ti ba gbogbo iṣẹ́ òun jẹ́. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ìyá Saïbou jókòó sórí ẹní lẹ́nu yàrá. "Ìyàwó Liamidi ló gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná wá," ló wí. "Ó ké àgò. Kí ni kí n wí fún un?"

"Bàbá," ni Aboudou wí jẹ́jẹ́, "ṣé ilẹ̀kùn tí ẹ kọ sínú ìwé pé ẹ máa ń tì nìyí?"

Ojú ti Hilaire. Ọkùnrin kan fa àgbò dé ẹnu ọ̀nà, ó ké àgò, ó dúró títí ìyá náà fi dá a lóhùn, ó kọjá. Lẹ́yìn rẹ̀, obìnrin méjì tó ru omi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹlẹ́rìí ni gbogbo wọn, ìjọba ni wọ́n sì ń jẹ́rìí fún. Aboudou ń kọ wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ibi tó ti ń kọ̀wé ni orin tó wà lórí rédíò ìyá náà ti dá. Fèrè àwọn sójà ló gbapò rẹ̀. Ó ń dún níbẹ̀, ó ń dún nílé kejì, ó ń dún lọ́nà jíjìn nínú ìkùukùu. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ka Faransé.

"Kí ló ń wí?" ni Ìyá Saïbou béèrè.

"Ó ní àwọn sójà ti gbàjọba ní Kùtọnù."

"Ta ló máa wá dá ẹjọ́ mi báyìí?"

Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ìyá náà wọ yàrá lọ, ó lọ jókòó ti rédíò rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọkọ rẹ̀ sùn sí. Aboudou sáré bọ́ sójú títì níwájú ilé, ó wọ̀tún, ó wòsì. Kò rí sójà, kò rí ọkọ̀. Ìyàwó rẹ̀ tó lóyún wà ní àdúgbò Houinmè, ọ̀nà ẹ̀yìn ló sì yá jù. Ó yí padà, ó ń bọ̀ kánkán.

Ó dé ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dúró.

"Àgò o, Ìyá."

Fèrè ò jẹ́ kí ìyá náà gbọ́. Ọkàn ọkùnrin náà ti dé Houinmè, ṣùgbọ́n kò gbé ẹsẹ̀. Ó bọ́ gíláàsì tí òjò ti bò kúrò lójú, ó tún ké e.

"Àgò yà, ọmọ mi. Máa lọ, Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ."

Ìgbà yẹn ló tó kọjá.

"Ọ̀gbẹ́ni Aboudou," ni Hilaire pè é. "Kí lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yẹn?"

Aboudou ti dé ìdí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. "Mo ní àgò ni," ló wí. Ó dúró sínú ìmọ́lẹ̀ funfun yẹn díẹ̀. Ó fa bírò yọ, ó tẹ́ ìwé rẹ̀ mọ́ ara ògiri, ó fi ìlà pa ohun kan rẹ́, ó kọ òmíràn sí i. Lẹ́yìn náà ni ìkùukùu gbé e mì.

Hilaire jókòó sórí àtẹ̀gùn iwájú. Àwọn èèyàn ń kọjá lójú títì, kẹ̀kẹ́ ń kọjá, àgbò ìṣáájú náà ń kọjá lọ pẹ̀lú ẹni tó ni ín. Ó tẹ́tí títí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ké àgò; títì ni, kò sẹ́ni tí wọ́n ń tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá," ló wí nígbà tó pẹ́, "ẹ má ti ilẹ̀kùn yẹn mọ́ o."

"Ta ló fẹ́ tì í?" ni ìyá náà dáhùn láti inú yàrá.