Adágún tí Mo Fẹ́ Fi Gba Ìyá Mi Padà

Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá mo ń jowú. Mo ń jowú. Owú náà ò sì kéré. Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, tí mo pọ̀n nígbà tí èmi fúnra mi ò tíì ga tó tábìlì, òun ló gbẹ́ adágún sí ẹ̀yìnkùlé ẹ̀, tó kó ẹja méje sí i, tí ìyá wa sì fi èmi sílẹ̀ lọ bá a.

Màmá ò sọ pé òun ń kó lọ o. Kì í sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́fà gbáko ló ti ń gbé lọ́dọ̀ mi, látìgbà tí bàbá wa ti kú. Ní oṣù méjì sẹ́yìn, ó ní òun fẹ́ lọ kí àbúrò mi, pé ọjọ́ mẹ́ta péré lòun máa lò. Ọjọ́ mẹ́ta di ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ kan di méjì. Lẹ́yìn náà ló ránṣẹ́ pé kí n bá òun mú ẹ̀wù òtútù òun wá. Ẹni tó ń bọ̀ lọ́la kì í ránṣẹ́ ẹ̀wù òtútù. Mo gbé e lọ, mo rẹ́rìn-ín, mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ nígbà tí mo padà sínú ọkọ̀, mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lẹ́nu ọmú.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni àbúrò mi pè mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú o. Màmá ní tó bá di ìparí oṣù, àwọn á sọ ilé tí àwọn máa gbé títí lọ. Tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ mi ni, mo fẹ́ kun yàrá ẹ̀yìn fún wọn."

Kun yàrá! Mo ní, "Kò burú." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gé ahọ́n ara mi jẹ.

Ẹ gbọ́, kí ni mi ò ṣe fún ìyá yìí? Aránṣọ ni mí, inú yàrá iwájú ilé mi ni ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, èmi àti Màmá la jọ ń wà. Láti ọdún mẹ́fà, ìyá mi ò fọ abọ́ kan ṣoṣo nínú ilé mi. Bó bá fọwọ́ kan ìgbálẹ̀, mo ti gbà á. "Màmá, ẹ jókòó jàre, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó láyé." Bó bá lọ sídìí iná, mo ti fà á padà. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ mí sí ọmọ tó mọ ìyá tọ́jú. Àbúrò mi wá ńkọ́? Nọ́ọ̀sì ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ó ti jáde, ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó wọlé. Á fi Màmá nìkan sílẹ̀ látàárọ̀. Ẹ bá mi dá a, èwo ló dáa nínú méjèèjì?

Mo lọ wo adágún ọ̀hún lọ́jọ́ Sátidé kan. Mo ti gbàdúrà lójú ọ̀nà kó burẹ́wà. Kò burẹ́wà. Kò ju bẹ́ẹ̀dì kan lọ ní fífẹ̀, wọ́n to òkúta yí i ká, ewé òṣíbàtà méjì léfòó lójú ẹ̀, omi ń kán wọ inú ẹ̀ láti ẹnu páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Màmá jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ká apá aṣọ sókè, ó mú àwọ̀n kékeré kan dání, ó ń fi kó ewé gbígbẹ kúrò nínú omi. Ó ń bá ẹja sọ̀rọ̀.

"Ìwọ Ọ̀jẹun, o ti jẹ tìẹ. Sún, kí àwọn yòókù jẹ."

Mo ní, "Màmá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o."

Kò tiẹ̀ wẹ̀yìn. "Ṣé dáadáa lo dé? Má dúró síbẹ̀ yẹn. Òjìji ẹ ń bọ́ sínú omi, ẹ̀rù sì máa ń ba àwọn ọmọ yìí."

Àwọn ọmọ yìí! Èmi tó gbé fún oṣù mẹ́sàn-án dúró síbẹ̀, ó ní kí n kúrò lọ́nà fún àwọn ọmọ yìí. Mo rí i pé ọwọ́ ẹ̀ tutù dé ìgunpá, mo fẹ́ gba àwọ̀n lọ́wọ́ ẹ̀, ó gbá ọwọ́ mi kúrò. Ìyá mi tí kì í gbá ẹnì kankan lọ́wọ́! Mo padà sílé, mo sì ti mọ ohun tí mo máa ṣe.

Bí mo ṣe wọlé, téèpù tí mo fi ń wọn àyà àti ìbàdí oníbàárà ni mo mú jáde lọ sẹ́yìnkùlé. Ẹ̀yìnkùlé ọ̀hún ò ju ìṣísẹ̀ mẹ́fà lọ síwájú, mẹ́rin sẹ́gbẹ̀ẹ́. Okùn tí a ń sá aṣọ sí gba ààbọ̀ ẹ̀, garawa ìdọ̀tí wà ní kọ̀rọ̀. Ọkọ mi, tíṣà ìṣirò ni, ó yọjú lójú fèrèsé ilé ìdáná, ó ń wò mí bí mo ṣe dọ̀bálẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú téèpù.

"Alábẹ́rẹ́, ta lò ń rán ṣòkòtò fún nílẹ̀ yẹn?"

"Adágún ni mo fẹ́ gbẹ́."

"Síbo? Sórí àjà?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre."

Kò fi mí sílẹ̀. Ó jáde wá, ó ní bí adágún bá wọ ibí, àwa méjèèjì ò ní lè jọ dúró síta lẹ́ẹ̀kan náà mọ́, ẹnì kan á máa wọlé kí ẹnì kejì tó jáde. Ó bi mí pé, "Ṣé adágún lo fẹ́ ni àbí ìyá ẹ?" Mo ní méjèèjì. Ó mirí, ó ní ìṣirò yẹn ò bára mu. Mo mọ̀ pé òótọ́ wà lẹ́nu ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi bínú sí i títí di ọjọ́ kejì.

Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi rò ó. Lówùúrọ̀ màá ní mi ò gbẹ́ mọ́, ìwà ọmọdé nìyẹn. Tó bá di ọ̀sán, màá wo àga Màmá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ mi, tó ṣófo, tìmùtìmù tí mo rán sí i ò tiẹ̀ tẹ̀ níbi tó máa ń jókòó sí mọ́, màá tún ní dandan ni. Níkẹyìn mo pe bíríkìlà kan, àgbàlagbà tó mọ iṣẹ́ ẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

Ó ní, "Màdáàmù, tí mo bá gbẹ́ ẹ síbí, ẹ ò ní ríbi sá aṣọ. Tí mo bá gbẹ́ ẹ sọ́hùn-ún, ilẹ̀kùn ilé ìdáná ò ní ṣí tán."

"Kó má ṣí tán. Ẹ kàn rí i pé tèmi fi ẹsẹ̀ bàtà kan fẹ̀ ju ti àbúrò mi lọ."

"Mi ò mọ ti àbúrò yín."

"Èmi mọ̀ ọ́n. Ẹ gba téèpù."

Ọjọ́ méjì ló fi gbẹ́ ẹ, ó jìn dé orúnkún. Mo ní kó dúró ná kó tó tẹ́ rọ́bà sí ìdí ẹ̀, kí ẹni tí mo torí ẹ̀ gbẹ́ ẹ kọ́kọ́ fojú rí i. Bí ó bá wù ú, ká parí ẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo lọ gbé Màmá. Mo mú un gba inú ilé kọjá, mo dì í lọ́wọ́ mú kó má fẹsẹ̀ kọ, mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn títí dé ibi tó lè ṣí dé. A fi ẹ̀gbẹ́ jáde.

Mo ní, "Màmá, tiyín rèé! Ẹja mẹ́rìnlá ni màá kó sí i. Mẹ́rìnlá! Òṣíbàtà ńkọ́? Èyí tí òdòdó ẹ̀ pupa ni màá rà, kì í ṣe funfun bíi ti àbúrò mi."

Ojú ẹ̀ là. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ìdí kòtò náà, ó fọwọ́ kan iyẹ̀pẹ̀ etí ẹ̀. Mo rí ayọ̀ lójú ẹ̀, kì í ṣe pé mo lálàá. Ọkàn mi ní, ọwọ́ mi tẹ̀ ọ́, nọ́ọ̀sì.

Ó bi mí pé, "Ta ni yóò máa bójú tó o?"

Hùn! Ìbéèrè tí mo ti ń retí nìyẹn. Mo ní, "Ẹ fọkàn yín balẹ̀. Mo ti bá ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ tí á máa wá fọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo sì ti rí ẹ̀rọ kan tó ń da oúnjẹ ẹja sómi fúnra ẹ̀. Ẹ ò ní fi ìka kan omi, Màmá. Àga lẹ máa jókòó sí, ẹ ó kàn máa wòran."

Ó dìde díẹ̀díẹ̀. Ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lọ́wọ́. Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Ọlọ́run á bù kún ẹ." Ó wá ní, "Bá mi sọ fún àbúrò ẹ pé kó kun yàrá náà."

Ẹ gbà mí! Mo pariwo. Mi ò ní purọ́, mo pariwo mọ́ ìyá mi. Mo ní kí ni mo ṣe, kí ni mi ò ṣe, ta ló ń fọ aṣọ ẹ̀, ta ló ń gbé oúnjẹ síwájú ẹ̀, ṣé torí ẹja ló ṣe máa ta mí nù ni? Ọkọ mi sáré jáde, ó há sẹ́nu ilẹ̀kùn.

Màmá jẹ́ kí n parí. Ó ní, "Ìwọ lo ṣe gbogbo ẹ̀. Ohun tó wà ńbẹ̀ nìyẹn. Ọdún mẹ́fà ni mo fi jókòó, ìdí ti ń ro mí. Tí mo bá dìde, o ní kí n jókòó. Tí mo bá jókòó, o gbé tìmùtìmù sí i. Lọ́dọ̀ àbúrò ẹ, tí mi ò bá jí láàárọ̀, ẹja ò ní jẹun. Níbí, tí mi ò bá jí, ta ni nǹkan máa sọ nù lọ́wọ́ ẹ̀?"

Mo ní, "Èmi!"

"Mo mọ̀," ló wí, ó sì fọwọ́ nu ojú mi bíi ti ọmọdé. "Àmọ́ ẹkún nìkan lo máa sun. Iṣẹ́ ò ní dúró."

Mo gbé e padà lọ. Ẹnu ara mi ni mo sì fi jẹ́ iṣẹ́ yàrá náà fún àbúrò mi, ó ní òun ti ra ọ̀dà.

Lọ́jọ́ Ajé, bíríkìlà dé pẹ̀lú rọ́bà léjìká. Mo ní kó da iyẹ̀pẹ̀ padà. Ó ní, "Gbogbo ẹ̀?" Mo ní gbogbo ẹ̀, kó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ó wò mí, ó mú ṣọ́bìrì. Mo padà sídìí ẹ̀rọ, mi ò lè ṣiṣẹ́. Mo ń gbọ́ bí iyẹ̀pẹ̀ ṣe ń bọ́ sínú kòtò. Lẹ́yìn wákàtí kan, mo mú fóònù, mo pe Màmá.

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ ti wọ̀ mí lọ́rùn." Ọ̀rọ̀ náà le lẹ́nu mi, mi ò sọ irú ẹ̀ sí i rí. "Aṣọ méjìlá ló wà nílẹ̀ tí mi ò tíì ṣẹ́tí, ọwọ́ ni wọ́n sì fẹ́ kí n fi ṣẹ́ ẹ, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ọjọ́ Sátidé lẹni tó ni wọ́n máa wá kó wọn. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ẹ wá ràn mí lọ́wọ́."

Mo gbọ́ omi tó ń kán lẹ́yìn ẹ̀.

"Òwú wo lo fẹ́ lò?"

"Èyí tó bá wù yín."

"Hùn. Ọjọ́bọ̀ ni mo lè ráyè. Mo fẹ́ fọ páìpù àwọn ọmọ yìí lọ́la. Mo sì gbọ́dọ̀ ti padà ní aago mẹ́rin, oúnjẹ wọn."

"Àbúrò mi ò lè fún wọn ni?"

"Kò mọ̀ ọ́n fún wọn," ló wí, ohùn ẹ̀ sì le bíi ti ọ̀gá ilé iṣẹ́.

Mo ní ó dáa. Mo gbé fóònù sílẹ̀. Èmi àkọ́bí ló wá ń dúró kí ẹja yọ̀ǹda ìyá mi fún mi lọ́jọ́ kan péré. Owú yẹn ò tíì lọ, ẹ má jẹ́ n tàn yín. Àmọ́ irọ́ ni mo pa fún un. Aṣọ méjèèjìlá ti parí láti àná, mo ti lọ̀ wọ́n, mo ti ká wọn. Mo kó wọn sórí itan, mo mú abẹ kékeré, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú etí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.